Ta Ni Yóò Tọ́jú Bàbá? Àwọn Obìnrin Olùdarí àti Fíìmù Ẹbí, ní Èkó àti ní Japan

Fíìmù ẹbí ni fíìmù tí ìjà rẹ̀ kì í jáde kúrò nínú ilé. Kò sí ogun nínú rẹ̀, kò sí adigunjalè tí ọlọ́pàá ń lé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àwọn àjẹ́ tó ń ṣèpàdé lóru. Bàbá tí àìsàn dè mọ́lẹ̀ ló wà níbẹ̀, ìyá tí kò mọ ibi tí owó iléèwé yóò ti wá, ẹ̀gbọ́n tó ti lówó tí kì í gbé fóònù mọ́, àbúrò tó kù sílé tí gbogbo ẹrù já lé lórí. Ìbéèrè kan ló sábà máa ń wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀: ta ni yóò ṣe ìtọ́jú, ta ni yóò sì san owó rẹ̀? Ilẹ̀ Japan ti fi irú fíìmù yìí gba orúkọ káàkiri ayé láti àwọn ọdún 1950, àwọn obìnrin olùdarí tó ń dìde níbẹ̀ sì ti gbà á ṣe tiwọn. Ní Èkó náà, àwọn obìnrin ló ń sọ irú ìtàn yìí tó ń wọni lára jù lọ lóde òní.

Àdúgbò tí ìbéèrè yẹn ti ń dún ketekete ni Ajégúnlẹ̀ àti Kírikírì. Ní Kirikiri Lighter Terminal, lẹ́yìn Tin Can Island, ni àwọn ọkọ̀ ojú omi pẹlẹbẹ máa ń já ẹrù tí wọ́n gbà lára ọkọ̀ ńlá sí. Iṣẹ́ lè wà níbẹ̀ lónìí kó má sí lọ́la, ì báà ṣe fún alábàárù, awakọ̀ tírélà, tàbí ejẹ́ǹtì tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde. Owó tó bá ti èbúté wọlé ń sọdá sí Olódì Apápá, Àmùkòkò àti Ajégúnlẹ̀, níbi tí ẹbí mẹ́fà sí mẹ́jọ ti ń gbé nínú ilé face-me-I-face-you kan, tí wọ́n jọ ń lo ilé ìdáná kan àti balùwẹ̀ kan. Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìgbò, Ìjọ̀, Urhobo, Isoko àti Hausa ló ń gbé pọ̀ ládùúgbò náà. Bí ọmọ bá bínú sí bàbá níbẹ̀, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbọ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ fíìmù tó bá dárúkọ Ajégúnlẹ̀, jàgídíjàgan, olè àti ẹ̀fẹ̀ ló ń wá lọ síbẹ̀. Àdánù gbáà nìyẹn, nítorí àwọn tó ń jí ní ìdájí láti pọn omi kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀ ju àwọn jàǹdùkú lọ fíìfíì.

Fíìmù kan tó gbé ìbéèrè ìtọ́jú náà kalẹ̀ láìfi nǹkan kan bò ó ni Otiti, tí Ema Edosio darí, tó jáde ní 2022. Aránṣọ ni Otiti. Bàbá rẹ̀ ti já a sílẹ̀ láti kékeré. Nígbà tí àìsàn wá dá bàbá náà wó, ọrùn ọmọ tó já sílẹ̀ yìí ni ìtọ́jú rẹ̀ bọ́ sí. Kò sẹ́ni tó na ìbọn sí i pé dandan ni. Ohun tó ń tì í lágbára ju ìbọn lọ: ẹ̀jẹ̀ ni, àti ohun tí aráyé yóò sọ.

Yorùbá ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Orí òwe yìí ni ètò ìtọ́jú àgbàlagbà dúró lé nílẹ̀ wa, nítorí owó ìfẹ̀yìntì kì í tó jẹun, ẹni tí kò sì ṣe iṣẹ́ ìjọba tàbí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá rí kò ní nǹkan kan tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n òwe náà ti gbà tẹ́lẹ̀ pé òkété fún ọmọ lọ́mú. Ọmọ tí kò rí ọmú mu ńkọ́? Ìbéèrè tí Otiti bi gbogbo wa nìyẹn, ìbéèrè tó le ni. Nínú ọ̀pọ̀ eré àgbéléwò àtijọ́, bàbá tó sá fi ọmọ sílẹ̀ máa ń padà wá bí eré bá ti fẹ́ parí, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò sunkún, orin ìdáríjì yóò dún, ọ̀rọ̀ bùṣe. Èyí tó wà nínú ìtàn Edosio kì í ṣe ohun tí ẹkún ìṣẹ́jú márùn-ún lè yanjú, torí iṣẹ́ ni ìtọ́jú aláìsàn. Omi gbígbóná àárọ̀ ni, aṣọ ibùsùn tí wọ́n ń pààrọ̀ láàárín òru ni, oògùn tí wọ́n ń rà ní sáṣẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ni nítorí owó kò ká odindi páálí. Fún aránṣọ, wákàtí tó bá lò létí ibùsùn, ara aṣọ oníbàárà ló ti gé e, oníbàárà náà sì ní òde lọ́jọ́ Sátidé. Ó lè gba àforíjì bàbá tọkàntọkàn, kí ebi ṣì máa pa òun àti bàbá.

Edosio kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní New York Film Academy, ó ti darí fídíò orin ní Èkó, ó sì ti ṣiṣẹ́ ìròyìn oní-fídíò fún BBC. Ojú akọ̀ròyìn yẹn hàn nínú fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, Kasala! (2018). Ọmọkùnrin kan yọ́ gbé ọkọ̀ ọ́ńkù rẹ̀ kí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta lè fi yangàn lóde àríyá. Wọ́n fi ọkọ̀ kọlu nǹkan, wákàtí díẹ̀ ló sì kù kí ọ́ńkù ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ̀rín pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ olùwòran sì gbà pé eré ẹ̀fẹ̀ ni, kò sì sí àṣìṣe nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ló ń ti eré náà síwájú: ìbẹ̀rù ọmọ tí orí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìbátan tí kì í ṣe bàbá tó bí i. Ẹni tó bá dàgbà lọ́dọ̀ ẹbí mọ ìbẹ̀rù yẹn dáadáa. Ó mọ bí ọkàn ṣe máa ń já nígbà tí ẹsẹ̀ onílé bá ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Iṣẹ́ yìí ní ìpìlẹ̀ ní Èkó. Láàárín àwọn ọdún 1980, Lola Fani-Kayode gbé Mirror in the Sun jáde lórí NTA, eré alátìgbàdégbà tó fi ìgbésí ayé àwọn ìdílé Èkó hàn lásìkò tí owó epo ti ń gbẹ. Ẹni tó wá sọ ọ̀nà tóóró náà di títì ni Amaka Igwe, tí wọ́n bí ní 1963. Checkmate rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1991, láti inú rẹ̀ sì ni Fuji House of Commotion ti yọ, ìtàn Chief Fuji, tí Kunle Bamtefa ṣe, òun àti àwọn ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹpẹtẹ lábẹ́ òrùlé kan. Ilé olórogún kì í ṣe ohun tuntun nínú eré Yorùbá. Ó ti wà níbẹ̀ ọjọ́ pẹ́, ṣùgbọ́n májèlé àti oògùn ló sábà máa ń parí rẹ̀. Ní ti Igwe, ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ, ọ̀rọ̀ ta ni ọkọ fetí sí àti ọ̀rọ̀ ọmọ ta ló mọ̀wé ló ń dá ilé rú, àwọn aya náà sì ní ọpọlọ, wọ́n ní ọ̀rẹ́ láàárín ara wọn, wọ́n ní ẹ̀rín. Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 2014. Ní 2016, Tope Oshin, tí òun náà jẹ́ olùdarí, gbé Amaka's Kin: The Women of Nollywood jáde, fíìmù òtítọ́ tí àwọn obìnrin olùdarí ti sọ ohun tí ojú wọn ń rí nídìí kámẹ́rà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn obìnrin wọ̀nyí ṣe di púpọ̀, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Lára àwọn tó ń fi fíìmù ẹbí ṣe iṣẹ́ òòjọ́ báyìí, kò sí ẹni tó tẹpẹlẹ mọ́ ọn bíi Biodun Stephen. Ó jáde ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ó sì kọ́ iṣẹ́ ní London Film Academy. Òun náà ló máa ń kọ ọ̀pọ̀ ìtàn tó ń darí. Introducing the Kujus (2020) kó àwọn ọmọ ìyá kan jọ sí Àgbádárìgì lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí ìyá wọn ti kú. Kálukú ló gbé ẹ̀dùn tirẹ̀ wá, àfi ọmọ kan tó ń sáré kí wọ́n lè jókòó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ìdílé Yorùbá tí kò ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń pe gbogbo èèyàn láti rán wọn létí ọjọ́ ìrántí. Ìyá ni okùn tó so wọ́n pọ̀. Nígbà tí okùn já, kálukú ṣẹ́jú, ó rí i pé òun àti ẹ̀gbọ́n òun kò mọ ara wọn.

Breaded Life, tó wọ ilé sinimá ní 2021, ló sọ orúkọ Stephen di ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Sunmi, tí Timini Egbuson ṣe, jẹ́ ọmọ olówó tí kò mọ iṣẹ́ kankan ṣe ju ìnáwó lọ. Ó jí lọ́jọ́ kan, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́, títí kan ìyá tó bí i. Ẹnì kan ṣoṣo tó dá a mọ̀ ni Todowede, oníbúrẹ́dì tí Bimbo Ademoye ṣe. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sá sí, nídìí búrẹ́dì ló sì ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi òógùn jẹun. Gbígbàgbé tí gbogbo èèyàn gbàgbé rẹ̀ ni ohun ìyanu kan ṣoṣo tó wà nínú ìtàn náà, ìyókù jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́: ìyẹ̀fun, iná, àtẹ búrẹ́dì lórí, ẹsẹ̀ tó ń rìn. Èdè Todowede, Yorùbá ìgboro tó gbé Gẹ̀ẹ́sì pọ̀n, kì í ṣe èdè tí òṣèré kọ́ sórí. Ọmọ tí wọ́n fi gbogbo nǹkan kẹ́, tí ìyá rẹ̀ kò sì lè fi ojú ọmọ gidi wò ó, ń gbé nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó láìsí idán kankan. Nínú Sista (2022), Stephen yí ojú sí òdìkejì ọ̀rọ̀: Kehinde Bankole ṣe ìyá tó ń dá tọ́ ọmọ méjì lẹ́yìn tí ọkùnrin tó fi gbogbo agbára rẹ̀ gbé sókè ti sá lọ. Bí a bá gbé Sista sẹ́gbẹ̀ẹ́ Otiti, ó dà bí ẹni pé ìtàn kan náà ni wọ́n, tí wọ́n sọ láti ẹnu ìyá lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n tó wá sọ ọ́ láti ẹnu ọmọ nígbà tó dàgbà.

Fíìmù ẹbí tó mówó wọlé jù nínú àwọn tí a ń sọ yìí ni A Tribe Called Judah, tí Funke Akindele àti Adeoluwa Owu jọ darí, tó jáde ní oṣù Kejìlá 2023. Òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ nílé sinimá. Ìyá kan bí ọmọkùnrin márùn-ún fún bàbá márùn-ún láti inú ẹ̀yà tó yàtọ̀ síra. Àìsàn kíndìnrín ṣe ìyá náà, owó ìwòsàn kò sí, àwọn ọmọ sì pinnu láti jalè. Ẹni tó bá gbé ní Ajégúnlẹ̀ kò ní bi ẹnikẹ́ni bóyá irú ìdílé bẹ́ẹ̀ wà, torí ó ti rí i. Ìdajì fíìmù náà jẹ́ ìtàn olè pẹ̀lú ìbọn, ìdajì yẹn ló sì fa èrò wọ sinimá. Ìdajì àkọ́kọ́, níbi tí àwọn ọmọkùnrin tí bàbá wọn kò papọ̀ ti ń bá ara wọn jà lójú ìyá kan ṣoṣo, ló dára jù, òun ló sì yẹ kí èèyàn padà lọ wò.

Ní Japan, ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀ yàtọ̀. Tokyo Story tí Yasujiro Ozu darí ní 1953 ni ọ̀pọ̀ olùdarí ṣì ń fi kọ́ṣẹ́. Bàbá àti ìyá arúgbó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ kí àwọn ọmọ wọn ní Tokyo, iṣẹ́ kò jẹ́ kí àwọn ọmọ ráyè fún wọn, ìyàwó ọmọ wọn tó ti kú ló wá ṣe dáadáa sí wọn ju ọmọ tí wọ́n bí lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà, bàbá àti ìyá ń di ẹrù. Wọ́n ń wá ìrọ̀rí kan tí wọ́n máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Bàbá ní ọwọ́ ìyá ló wà, ìyá ní òun ti fún un, wọ́n sì ń fà á díẹ̀díẹ̀ títí bàbá fi rí i nínú ẹrù ara rẹ̀. Kò tọrọ àforíjì, ìyá kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú kan, olùwòran ti mọ ọdún mélòó tí àwọn méjèèjì ti fi gbé pọ̀. Ozu máa ń gbé kámẹ́rà sọ̀kalẹ̀ débi tí ojú ẹni tó jókòó sórí ẹní máa ń wà, bí ẹni tí wọ́n gbà lálejò tó sì mọ ìwọ̀n ara rẹ̀.

Ọkùnrin ni Ozu, ọkùnrin sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí ilé-iṣẹ́ fíìmù ńlá wọn ń gbà wọlé láti kọ́ṣẹ́ olùdarí nígbà náà. Tazuko Sakane, obìnrin àkọ́kọ́ tó darí fíìmù ìtàn níbẹ̀, gbé tirẹ̀ jáde ní 1936, ọ̀nà sì dí mọ́ ọn. Kinuyo Tanaka, gbajúmọ̀ òṣèrébìnrin, ló tún gbìyànjú, ó darí fíìmù mẹ́fà láàárín 1953 sí 1962. Lẹ́yìn rẹ̀, ó pẹ́ gan-an kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀nà ṣí nígbà tí kámẹ́rà kékeré dé, tí èèyàn kò sì nílò láti sin ọ̀gá fún ọdún mẹ́wàá kó tó lè ya nǹkan. Èyí bá ti Èkó mu pátápátá. Nínú àwọn méjèèjì, ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ló gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ àwọn onílé.

Naomi Kawase wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé. Ìyá àgbà kan nínú ẹbí ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí àwọn òbí rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀. Ní 1992, ó gbé kámẹ́rà, ó lọ wá bàbá rẹ̀ kiri, ó sì fi ìwákiri náà ṣe fíìmù òtítọ́ tó ń jẹ́ Embracing. Ní 1994, ó fi Katatsumori ya ìyá àgbà tó tọ́ ọ. Ní 1997 ni Suzaku, fíìmù ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́, gba ẹ̀bùn Caméra d'Or ní àjọ̀dún fíìmù Cannes, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún fíìmù àkọ́ṣe tó dára jù. Nínú True Mothers (2020), ó fi ojú kan náà wo tọkọtaya tó gba ọmọ tọ́ àti ọmọbìnrin kékeré tó bí ọmọ náà. Ta ni ìyá? Kawase kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, àwọn obìnrin méjèèjì ló fún ní àyè láti sọ ti ẹnu wọn tán. Otiti àti Embracing kò mọ ara wọn, síbẹ̀ ọmọ ìyá ni wọ́n.

Miwa Nishikawa kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Hirokazu Kore-eda, ẹni tí fíìmù ẹbí rẹ̀ Shoplifters gba ẹ̀bùn tó ga jù ní Cannes ní 2018. The Long Excuse (2016) ti Nishikawa dá lórí òǹkọ̀wé kan tí ìyàwó rẹ̀ kú nínú jàǹbá bọ́ọ̀sì. Omijé kò jáde lójú rẹ̀. Ó wá ń lọ bá ọkùnrin mìíràn tí ìyàwó tirẹ̀ náà kú nínú jàǹbá kan náà tọ́jú àwọn ọmọ, ẹnu ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ yìí ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀fọ̀. Under the Open Sky (2020) ni ó yẹ kí ará Kírikírì wò jù. Ọkùnrin kan jáde lẹ́wọ̀n lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá, ó fẹ́ rí ìyá tó já a sílẹ̀ ní kékeré, ó sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ tó mọ́. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Kírikírì wà nítòsí ilé àwọn èèyàn, èyí tó jẹ́ ti obìnrin náà wà níbẹ̀, gbogbo ìgbà sì ni àwọn tó ti lo ìgbà tán ń gba ẹnubodè rẹ̀ jáde pẹ̀lú àpò kékeré lọ́wọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn láti ẹnubodè dé ilé ìyá wọn jẹ́ odindi fíìmù ẹbí, fíìmù ilẹ̀ wa sì sábà máa ń fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ parí níbi tí Nishikawa ti bẹ̀rẹ̀.

Lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè ni Chie Hayakawa wà. Wọ́n bí i ní 1976, ó sì ti lé ní ogójì ọdún kí fíìmù gígùn rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde. Plan 75 (2022) ni fíìmù náà, wọ́n sì fi ìdánimọ̀ pàtàkì dá a lọ́lá nínú ìdíje Caméra d'Or. Nínú rẹ̀, ìjọba gbé ètò kan kalẹ̀ pé ẹni tó bá ti pé ọdún 75 lè yàn láti kú, kí ó má baà di ẹrù sí ọ̀dọ́ lọ́rùn. Michi, ẹni ọdún 78, ń tún yàrá òtẹ́ẹ̀lì ṣe kó lè jẹun. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní ẹni tí yóò tọ̀ lọ. Fíìmù ẹbí tí kò sí ẹbí nínú rẹ̀ ni. Renoir, tó wọ ìdíje gidi ní Cannes ní 2025, padà sí 1987: ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá kan ń gbé nílé tí jẹjẹrẹ ti ń pa bàbá rẹ̀ lọ, iṣẹ́ àti àárẹ̀ ti tán ìyá rẹ̀ lókun, ọmọ náà sì ń dá rìn kiri inú ìrònú ara rẹ̀. Àwọn àgbà kò purọ́ fún un, wọn kò kàn ráyè ni.

Ibi tí fíìmù Japan àti ti Èkó ti pínyà jù ni ariwo. Àwọn ìdílé Hayakawa ń jẹun láìsọ̀rọ̀, ìbànújẹ́ sì ń kóra jọ sábẹ́ tábìlì. Ìdílé Biodun Stephen ń pariwo, aládùúgbò ń dá sí i, àǹtí kan ń pè láti Ìbàdàn, pásítọ̀ náà ní ohun tó fẹ́ sọ. Kì í ṣe pé àwọn kan jinlẹ̀ ju àwọn kejì lọ. Bí ilẹ̀ méjèèjì ṣe rí ló fà á. Ó tó 29 nínú ọgọ́rùn-ún ará Japan tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlú sì ti ní ètò adójútòfò ìtọ́jú arúgbó láti ọdún 2000, tí ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún ń dáwó sí. Owó wà níbẹ̀ dé ìwọ̀n kan, èèyàn ló ṣọ̀wọ́n. Ní Nàìjíríà, èyí tó pọ̀ jù nínú wa kò tíì pé ọdún 20. Èèyàn pọ̀ nílé, owó ni kò sí. Nítorí náà, àìsí ẹnikẹ́ni ni fíìmù tiwọn ń sunkún lé lórí, tiwa sì ń sọ bí ẹnì kan ṣe lè dá wà láàárín ogún ẹbí. Èyí kejì nira láti fi kámẹ́rà mú, nítorí ẹni tó ń jìyà kò fìgbà kan dá wà kí ojú rẹ̀ lè yí padà. Edosio mọ èyí, ìdí nìyẹn tí ìtàn rẹ̀ fi gbé ẹnì kan ṣoṣo, aránṣọ kan, síwájú gbogbo ẹbí.

Àwọn ọmọ wa ní òkè òkun ń gbé láàárín ọ̀nà méjèèjì. Gone Too Far! bẹ̀rẹ̀ bí eré orí ìtàgé tí Bola Agbaje kọ, tó gba ẹ̀bùn Olivier ní 2008, kí Destiny Ekaragha tó darí rẹ̀ bíi fíìmù ní 2013. Yemi, ọmọ Yorùbá tó dàgbà ní Peckham ní London, fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà á, àfi bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Iku ṣe dé láti Nàìjíríà pẹ̀lú sálúbàtà àti ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì ń bá àgbà sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Ìyá ní kí àwọn méjèèjì lọ ra ilá wá. Gbogbo ìtàn náà wà lójú ọ̀nà ilá yẹn. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, Adura Onashile gbé Girl jáde ní Scotland, fíìmù tí wọ́n fi ṣí àjọ̀dún fíìmù Glasgow ní 2023. Ìyá ọ̀dọ́ kan ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó lóru, ó sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ nínú ilé gogoro nítorí ó ń bẹ̀rù ayé. Òun yìí dákẹ́ bíi ti Japan. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ wá láti inú àjèjì: kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí aládùúgbò tó lè kan ilẹ̀kùn bi wọ́n pé ṣé kò sí.

Bí àwọn fíìmù wọ̀nyí ṣe ń dé ọ̀dọ̀ olùwòran náà ti yí padà lẹ́ẹ̀mẹta. Kásẹ́ẹ̀tì VHS, tí ilé-iṣẹ́ JVC ti Japan gbé jáde ní 1976, ló kọ́kọ́ gbé eré àgbéléwò wọ yàrá. Nígbà tí Kenneth Nnebue gbé Living in Bondage jáde ní 1992, orí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo tó kó wọlé láti Taiwan ló tẹ̀ ẹ́ sí. Lẹ́yìn náà ni ilé sinimá inú máàlù dé, ṣùgbọ́n owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í ṣe ohun tí alábàárù máa ń ronú sí. Netflix wọ Nàìjíríà ní 2016. Prime Video tẹ̀ lé e, ó sì dín owó tó ń ná sí fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà kù ní 2024. Ọ̀pọ̀ olùdarí wá kọrí sí YouTube. Love in Every Word, tí Omoni Oboli gbé síbẹ̀ ní oṣù Kẹta 2025, ni àwọn èèyàn wò ju ìgbà mílíọ̀nù lọ́nà ogún lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

YouTube bá fíìmù ẹbí mu. Owó tó ń wọlé láti ibẹ̀ kò tó fún ọkọ̀ tó ń gbiná tàbí ìlú tí wọ́n kọ́ fún eré, ó tó fún ilé kan, òṣèré mẹ́fà àti oúnjẹ lórí tábìlì. Olùdarí tó mọ bí wọ́n ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ nílé kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìnira ibẹ̀ ni pé àwọn ilé ọlọ́lá ní Lekki ni ọ̀pọ̀ olùdarí ń yá lò, nítorí jẹnẹrétọ̀ kò pariwo níbẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò kò sì ní dá kámẹ́rà dúró gba owó. Ní Olódì Apápá, fèrè tírélà kò ní jẹ́ kí ohùn òṣèré mọ́, ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò sì sọ pé òun ló ni àdúgbò. Ariwo àti ìnáwó yẹn ló ń lé ọ̀pọ̀ ìtàn ẹbí kúrò nínú ilé tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Kasala! fi hàn pé ó ṣeé ṣe: ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kékeré, kámẹ́rà tó ṣeé gbé rìn, àti àwọn ọ̀dọ́ òṣèré tí ìgboro kò dẹ́rù bà.